Ohun Tí Mo Kọ Nípa Bàbá Òṣèré

Ọdún kejì tí mo dé Calgary ni mo rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Bàbá kan wà níbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Finland, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni mo tó mọ̀ pé òṣèré ni wọ́n. Agégẹdú ló bí wọn, ṣùgbọ́n láti kékeré ni wọ́n ti bá ẹgbẹ́ òṣèré lọ, tí wọ́n ń ti ìlú bọ́ sí ìlú. Nínú fíìmù, ọlọ́pàá tàbí sójà ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Orí ìtàgé ni eré wọn ti dùn jù. Nígbà tí ìyàwó wọn kú, ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ẹnjiníà níbí ní kí wọ́n máa bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ariwo ní yàrá wọn. Mo yọjú. Wọ́n ń na ìka sí ògiri, wọ́n ń fi èdè wọn pariwo, omijé ń bọ́ lójú wọn. Mo pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò sì béèrè ohunkóhun. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé ọkàn wọn ti dàrú, pé wọ́n ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ jà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́. Dókítà kà á, ó fún wọn lóògùn tí yóò mú wọn rọlẹ̀. Wọ́n rọlẹ̀ lóòótọ́. Oorun ni ṣáá lọ́sàn-án, ṣíbí ń bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ wọn wá láti Mahogany, àdúgbò tó ń gbé ní Calgary, lọ́jọ́ Sátidé, ó béèrè ohun tó dé. Mo ṣàlàyé, títí dórí ìka tí wọ́n ń nà. Ó rọra jókòó. Ó ní bàbá tó ń lé ọmọ rẹ̀ jáde nílé ni wọ́n ń ṣe, pé ipa tó sọ wọ́n di olókìkí nìyẹn. Wọ́n ń múra láti ṣe é fún àwa ará ilé náà lọ́jọ́ ìbí wọn ni.

Dókítà dá oògùn náà dúró. Nígbà tí ojú wọn wálẹ̀, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo kọ.

“O rò pé òótọ́ ni mò ń bínú?” ni wọ́n bi mí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sir.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Á jẹ́ pé mo ṣì mọ̀ ọ́n ṣe.”

Inú wọn dùn. Tèmi túbọ̀ bàjẹ́ ni.

Lọ́jọ́ ìbí wọn, wọ́n dìde ní yàrá ìjẹun, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dé ìdajì, ọ̀rọ̀ pòórá mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n wá a títí kí ọmọ wọn tó lọ mú wọn jókòó. Dókítà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí wọ́n bá ń gbàgbé nǹkan, ó lè jẹ́ ọjọ́ orí, pé ó lè má jẹ́ oògùn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè wo ojú ọmọ wọn.