Ìdọ̀bálẹ̀ Mẹ́ta Nílé Ará Korea

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò ní Ìbàdàn lọ́dún 1983. Màmá wa ti jí ṣáájú mi. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbàdúrà fún mi títí awakọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè, wọ́n wá ní, "Bí àwọn èèyàn náà bá kọ̀, má bá wọn jà. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n kọ̀."

Ará Korea ni àwọn èèyàn náà. Bánkọ́lé àbúrò mi, àbíkẹ́yìn Màmá wa, tó lọ kàwé ní Houston tó sì rí iṣẹ́ síbẹ̀, ló fẹ́ fi ọmọ wọn ṣaya. Sunhi lorúkọ ọmọbìnrin náà. Bàbá rẹ̀ ò tíì gbà. Ó ní òun ò lè fọmọ fún ẹni tí òun ò mọ ilé tó ti wá. Bàbá tiwa ti kú, èmi ni àkọ́bí, nítorí náà èmi ni ilé tí wọ́n ní láti rí.

Láti Èkó, ọkọ̀ òfuurufú wa bà sí New York, láti ibẹ̀ mo wọ òmíràn lọ sí Houston. Bánkọ́lé àti Sunhi ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú tó wà lápá Humble. Bánkọ́lé dọ̀bálẹ̀ níwájú èrò. Sunhi tẹrí ba, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba báàgì mi. "Annyonghaseyo," ló wí. Mo béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Bánkọ́lé ní ìkíni fún àgbà ni, pé wọ́n ń bi èèyàn bóyá ó wà ní àlàáfíà. Ẹnu yà mí. "Ṣé àlàáfíà ni?" Ohun tí à ń bi ara wa ní gbogbo àárọ̀ Ọlọ́run náà nìyẹn.

Láti Humble dé Mission Bend, níbi tí Bánkọ́lé ń gbé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan lórí ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń pè ní freeway. Ooru wọn ò yàtọ̀ sí ti Èkó, ṣùgbọ́n n ò rí ẹyọ ẹnì kan tó ń fẹsẹ̀ rìn, n ò sì rí oníbúrẹ́dì kankan. Ẹni tí ebi bá pa lójú ọ̀nà yẹn, kó máa gbé ebi rẹ̀ lọ ni.

Nígbà tó di Sátidé, a gbéra lọ sí àdúgbò àwọn ará Korea, kí á jẹun kí á tó lọ rí bàbá Sunhi. Ara gbogbo ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ kún fún ìkọ̀wé wọn. Olùkọ́ ọmọ kékeré ni mí, n kì í rí lẹ́tà kí n gbójú kúrò. Mo ti rò pé àwòrán ni bíi ti àwọn ará China, àmọ́ Sunhi ní rárá o, lẹ́tà ni, mẹ́rìnlélógún péré. Wọn kì í tò wọ́n lọ gbọọrọ bíi tiwa. Wọ́n á kó méjì, mẹ́ta pọ̀ bí ará ilé inú yàrá kan, ohùn kan sì ni yàrá kọ̀ọ̀kan. Ọba wọn kan láyé àtijọ́ ló ṣe é, torí pé ìwé China tí àwọn ọlọ́lá ń kà ti kọjá agbára mẹ̀kúnnù. Èyí tó dúró fún "n" rí bí ahọ́n ṣe máa ń tẹ̀ nígbà tó bá kan ẹ̀yìn eyín. Mo sọ "n" nínú mọ́tò, mo fi ahọ́n wá a, òótọ́ ni. Àwọn ọlọ́lá fojú tín-ín-rín rẹ̀, wọ́n ní ìwé obìnrin ni, àwọn ìyá ló tọ́jú rẹ̀ kó má kú.

Dọ́là mẹ́rin ààbọ̀ ni a san lórí abọ́ ọbẹ̀ egungun ìhà màlúù kan pẹ̀lú ìrẹsì. Wọ́n gbé kimchi tì í, ìyẹn ewébẹ̀ tí wọ́n fi ata àti aáyù pa mọ́ títí ó fi kan. Òórùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé bíi ti irú. Èènì ni, wọn kì í gbowó rẹ̀, bó bá sì tán wọ́n á tún bù sí i. Bánkọ́lé ń jẹ ẹ́ bí ẹni pé wọ́n bí i sí i. Mo sọ fún un pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kí bàbá yẹn," ló wí. "Sunhi ti train mi dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n ṣáájú."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé kì í ṣe èmi ni wọ́n máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọrọ ìyàwó. Ọ̀rọ̀ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo nǹkan jẹ́.

A bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Sunhi, tó ní ilé ìfọṣọ kan, jókòó sílẹ̀ lórí tìmùtìmù, ìyá rẹ̀ arúgbó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ tèmi tagbádá mi, Bánkọ́lé náà fàyà balẹ̀. Mo rí i pé inú bàbá náà dùn. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí. Àmọ́ ta ló ń fi ìdọ̀bálẹ̀ kan tọrọ ọmọ nílé wa? Mo dìde, mo tún dọ̀bálẹ̀. Mo gbọ́ tí Bánkọ́lé rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n," ṣùgbọ́n mo ti wà nílẹ̀, báwo ni àbúrò ṣe fẹ́ nàró nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dojú bolẹ̀? Òun náà wólẹ̀ tì mí.

Nígbà tí mo gbórí sókè, ojú bàbá Sunhi ti le. Ẹ̀rù bà mí gidi. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Sunhi sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa pẹ̀lú ìtìjú: "Ìyá àgbà ní kí ẹ má tíì dìde. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń forí balẹ̀ fún alààyè, ẹ̀ẹ̀mejì ni fún òkú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni fún Buddha. Wọ́n ní ọmọ àwọn ò tíì ṣe tán láti kú, kí ẹ fi ọ̀kan kún un."

A dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá Sunhi ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó fa tìmùtìmù kan fún mi.

Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni ọjọ́ orí mi. Inú mi ò dùn sí i, torí a kì í bi àgbà bẹ́ẹ̀ lójúkojú. Bánkọ́lé rọra ṣàlàyé: "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó jẹ́ àgbà kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe máa sọ̀rọ̀. Bí 'ẹ' àti 'ìwọ' tiwa náà ni, tiwọn kàn le jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ.

Ó wá béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Èdè wo ni àwọn ọmọ tí àwọn méjì yìí bá bí máa sọ? Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, Japan ló ń ṣàkóso ilẹ̀ àwọn, wọ́n sì ń na òun nílé ẹ̀kọ́ tí òun bá sọ èdè ìyá òun. Inú ilé ìdáná ni ìyá òun ti kọ́ òun ní ìkọ̀wé yẹn. Ó ní òun ò fẹ́ ọmọ-ọmọ tó máa jókòó ti òun tí òun ò ní lè bá tàkúrọ̀sọ.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo sọ fún un pé wọ́n so pátákó mọ́ èmi náà lọ́rùn nílé ẹ̀kọ́ torí mo sọ Yorùbá. Mo ní, "English ò nílò ìrànlọ́wọ́ wa, ìta á kọ́ wọn. Ìyá wọn á sọ tiyín fún wọn, bàbá wọn á sọ tiwa. Bí Bánkọ́lé ò bá sọ tiwa, èmi àti ẹ̀ la jọ máa fà á."

Ó bu tíì fún mi, ó ní òun á pè wá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kúrò níbẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tó kù, kò sí ìpè kankan. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu Bánkọ́lé mọ́, èmi náà sì ń ro ohun tí mo máa sọ fún Màmá.

Ní ọjọ́ tí mo ń padà, a wà ní pápákọ̀ òfuurufú nígbà tí bàbá Sunhi dé. Ó ti ti ilé ìfọṣọ rẹ̀ pa láàárín ọjọ́ iṣẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Hyongnim." Sunhi bú sẹ́kún. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ti kú.

"Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n pè yín," ni Bánkọ́lé wí. "Ẹ̀gbọ́n tiwọn. Wọ́n ti fọmọ fún wa."

Nígbà tí mo dé Ìbàdàn, n ò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tí mo fi sọ fún Màmá pé wọ́n gbà. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Mo ní mo ti lọ pẹ̀lú èrò pé àjèjì ni mo fẹ́ bẹ̀, àṣé ẹni tí wọ́n nà torí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fìyà jẹ èmi náà ni mo lọ bá. Màmá ń fetí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn wọn wà níbòmíràn.

"Àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí," ni wọ́n wá ní, "bí mo bá bá wọn sọ̀rọ̀, ṣé wọ́n á gbọ́ mi?"

Mo dá wọn lóhùn bí mo ṣe dá bàbá Sunhi lóhùn gẹ́lẹ́.

"Kọ̀wé sí wọn," ni Màmá wí. "Ní kí wọ́n tètè bí àwọn ọmọ náà, kí n tètè bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀."