Gbogbo Ọ̀nà Tí Mọ́tò Bàbá Mi Rìn

Òórùn òjé yíyọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa ọgbà oníṣẹ́ iná mọ́tò yẹn ní Gbossimé nínú Lomé, òórùn kan tó máa ń ta èèyàn nímú tí yóò sì dúró sára aṣọ títí di alẹ́. Igi máńgò ńlá kan ló fi ṣe òrùlé. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to àwọn mọ́tò tí wọ́n ti tú iwájú wọn sí, tí wáyà pupa àti wáyà aláwọ̀ ewé ń jáde nínú wọn bí ìfun ẹran. Ìwọ náà mọ Gbossimé, ariwo àwọn ọ̀kadà zémi kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá gbọ́ òórùn òjé lónìí, ohùn bàbá mi ni mò ń gbọ́, tó ń bá oníṣẹ́ iná yẹn jiyàn lórí nọ́ńbà.

Aṣọ ni bàbá mi ń tà ní ọjà Adawlato. Ó ti wà ní Lomé kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n Ogbómọ̀ṣọ́ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ rí, ó sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ibẹ̀ ni èmi náà yóò ti fẹ́yàwó. Ọkùnrin tó ń ṣe nǹkan létòlétò ni. Ó ní mọ́tò kan aláwọ̀ eérú, àlòkù tó fúnra rẹ̀ yàn ní pọ́ọ̀tù, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó o lẹ́yìn ìyá mi. Mẹkáníìkì tó bá pààrọ̀ ọ́ìlì fún èèyàn máa ń kọ kílómítà ìgbà tó yẹ kí ó padà wá sórí pílásítà funfun kan, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Bàbá mi kì í gbà. Á ya èyí tí mẹkáníìkì kọ dànù, á kọ èyí tí mọ́tò náà ti rìn dé. "Mi ò kì í kọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀," ló máa ń wí. "Ta ló sọ fún un pé a máa dé ibẹ̀?" A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé, ṣùgbọ́n kò yí i padà.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Tokoin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, mo sì ń gbé ilé àwọn òbí mi. Mítà iwájú mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn ní kété lẹ́yìn ọdún tuntun. Àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ á ṣú, bàbá mi á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lórí, wọ́n á tún mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, gbígbá kò ràn án mọ́, ó kú pátápátá. Mọ́tò ń rìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ iye tó rìn.

Ibẹ̀ ni èṣù ti rí mi mú. Mo ti ní ẹnì kan tí mò ń fẹ́, nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ifẹ̀ Atakpamé, àwọn tó ń sọ Yorùbá ní òkè Togo. Lomé níbí la ti mọra nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, kí ìjọba tó gbé e padà sí Atakpamé lọ́hùn-ún. Mi ò sọ fún bàbá mi, nítorí mo mọ ohun tó máa sọ: pé Yorùbá tiwọn kì í ṣe tiwa, pé ta ni mo mọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí bàbá mi wá wọ ọkọ̀ lọ sí Ogbómọ̀ṣọ́ lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mo wo mítà tó ti kú yẹn, mo ní ẹlẹ́rìí ti yadi. Sátidé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo lọ Atakpamé tí mo bọ̀, tí mo sì ń fọ mọ́tò náà mọ́ tónítóní kí n tó wọlé. Bí mo bá ń fọ̀ ọ́, ìyá mi á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò mí.

Lẹ́yìn tí bàbá mi dé ló ní kí a gbé mọ́tò lọ sí Gbossimé. Oníṣẹ́ iná náà tú mítà àtijọ́ jáde, ó wá òmíràn lára mọ́tò irú rẹ̀ kan tó ti fọ́, ó fi í síbẹ̀, ó ṣáná sí i. Gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ rekete. Nọ́ńbà tó jáde kò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún kílómítà, bẹ́ẹ̀ tiwa ti lé ní igba ẹgbẹ̀rún. Èdè Mina ni oníṣẹ́ iná náà ń bá wa sọ, ó ń fi Faransé là á. Ó rẹ́rìn-ín sí bàbá mi, ó ní, "Patron, ọ̀gá mi, ẹ kú oríire! Mọ́tò yín ti padà di ọmọge."

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ nọ́ńbà náà títí. "Èmi kọ́ ni mo rin ìrìn yìí," ló wí. "Ìrìn ẹlòmíì lẹ fẹ́ kí n máa gbé kiri. Ẹ kọ tèmi síbẹ̀."

Oníṣẹ́ iná ní kọ̀ǹpútà òun lè kọ nọ́ńbà yòówù kó jẹ́, ṣùgbọ́n omi òjò ti wọ inú mítà àtijọ́, kò rántí nǹkan kan mọ́. "Ẹ lọ mú nọ́ńbà wá, Patron. Kì í ṣe Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí o, èyí tó tẹ̀lé e ni màá kọ ọ́." Ó dá òkú mítà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kí a lè máa fi mọ́tò rìn, a sì lọ sílé.

Ní ọ̀sán Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀ lójú àti abala ìwé kan. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi kọ nọ́ńbà ara pílásítà sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rántí gbogbo ibi tí mọ́tò ti dé láti ọjọ́ tó ti kọ ọ́. Adawlato, àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì. Hospital ní Tokoin nígbà tí orúnkún ìyá mi ń dùn ún. Ìyá mi ní, "Ẹ ò kọ Aného, níbi tí òjò ti pa gbogbo wa." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rántí gèlè ìyá mi tó di rẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n rántí òkú tí a lọ sin níbẹ̀. Ó dùn mọ́ mi, ó sì ń dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé ìṣirò náà kò pé.

"Nítorí bẹ́líìtì ni," bàbá mi ṣàlàyé fún mi, bí ẹni pé mo bi í. "Bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnì ní iye tó máa rìn kó tó já. Tí mọ́tò bá gbàgbé ọjọ́ orí ara rẹ̀, ojú ọ̀nà ló máa kú sí, pẹ̀lú ẹni tó bá wà nínú rẹ̀." Ó na ìwé náà sí mi. "Ìwọ lo kàwé. Bá mi wò ó bóyá mo gbàgbé nǹkan, kí n fàlà sí i."

Ọ̀rẹ́ mi, ì bá ṣe pé ó fẹ̀sùn kàn mí ni, ǹ bá ti purọ́. Ṣùgbọ́n ó fi ọkàn tán mi. Mo wo ìwé yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rí i pé bí mo bá ní ó pé, irọ́ mi ni wọ́n máa kọ sínú mọ́tò náà, bàbá mi á sì máa wò ó láràárọ̀ bí òtítọ́.

"Bàbá, ẹ má tíì fàlà," mo wí. "Ó ku ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún kílómítà."

"Níbo?"

"Atakpamé, àlọ àti àbọ̀, sà."

Ọwọ́ ìyá mi dúró nínú ẹ̀wà. Bàbá mi kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó wò mí. "Ẹ̀ẹ̀kan?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, sà."

Ó kọ méjì yòókù sábẹ̀ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ gíláàsì. "Ọmọ ta ni?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ń retí kó bínú, kó sọ̀rọ̀ Ogbómọ̀ṣọ́, kó gba kọ́kọ́rọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní, "Báwo ni ẹ́ńjìnì ṣe ṣe lórí àwọn òkè ibẹ̀ yẹn?" Mo ní kò gbóná. Ó ní, "O ò ro ti bẹ́líìtì. Ká ní ó já mọ́ ọ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà ní Notsé ńkọ́? Ibo ni à bá ti máa wá ọ?" Ohùn rẹ̀ gbọ̀n nígbà tó sọ ìyẹn, ojú sì tì mí ju bí ì bá ṣe tì mí ká ní ó gbá mi létí.

Ó wá tẹríba, ó tún kọ ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún mìíràn sábẹ̀ mẹ́ta yẹn.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni."

"Mo gbọ́ ọ. Sátidé tó ń bọ̀ nìyí. Mo fẹ́ mọ ibi tí mọ́tò mi ń lọ." Ó fàlà sábẹ̀ rẹ̀, ìyá mi sì rẹ́rìn-ín sínú àwo ẹ̀wà.

A lọ ní Sátidé náà, àwa méjèèjì, pẹ̀lú mítà tó kú níwájú wa àti aṣọ kan láti ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì ni bàbá mi ń gbọ́ ní gbogbo ọ̀nà. Bàbá ọmọbìnrin náà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Èdè Ifẹ̀ tiwọn ló fi kí wa, Ogbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi fi dá a lóhùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti há, wọ́n á fi Mina tán an. Bàbá mi ní òun kàn wá kí wọn ni, kò béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ náà, bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò, mo rí àwọn àgbà méjèèjì níwájú mọ́tò tí wọ́n ti ṣí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí bàbá mi ń fi bẹ́líìtì hàn án, tí tọ̀hún ń mi orí. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Wọ́n ti di ọ̀rẹ́ nìyẹn."

Ní Mọ́ńdè, oníṣẹ́ iná wo ìwé wa, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Patron, ṣé ó dá yín lójú? Ẹlòmíì á bẹ̀ mí kí n dín in kù ni." Bàbá mi ní kó kọ ọ́ bó ṣe wà. Nọ́ńbà náà jáde, 216 966, òórùn òjé sì gba abẹ́ igi máńgò yẹn kan. Ọ̀sẹ̀ náà ni bàbá mi pààrọ̀ bẹ́líìtì.

Mọ́tò náà ti lọ, bàbá mi náà ti lọ. Ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì Atakpamé yẹn, ló tọ́jú abala ìwé yẹn, inú àpótí tí ìwé ìgbéyàwó wa wà ló fi í sí, ó sì ti pọ́n létí. Mo máa ń mú un jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nítorí ìṣirò. Mo máa ń wo ìlà kẹrin Atakpamé yẹn, tí bàbá mi kọ lọ́jọ́ Sunday fún ìrìn Sátidé. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi mọ̀ ọ́n, ìyẹn nìkan ni ohun tí mo rí i pé bàbá mi kọ sílẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀.