Àdàkọ Ìyá Muslimah

Garawa, abọ́ ike àti fúláàsì ni Hàfsátù Búrẹ́mọ̀ ń tà ní ọjà Òdòde, ní Ìdànrè. Ìyá Muslimah ni gbogbo ọjà ń pè é. Ìwé mẹ́wàá péré ló kà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ojú rẹ̀ rí tí kì í fẹ́ẹ́ mọ ìdí rẹ̀.

Ìbínú ló gbé e dé orí wíkì. Ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wíkì yìí. Ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí i, ẹlòmíràn sì lè tún un ṣe. Àwọn ọmọ Yorùbá kan ló dá a sílẹ̀ láti máa fi kọ ìtàn ìlú wọn. Lọ́jọ́ kan tí ọjà ò tà, Hàfsátù wá Atosin, ibi tí wọ́n ti bí ìyá rẹ̀, lórí fóònù. Gbólóhùn kan ló bá níbẹ̀: "Atosin jẹ́ abúlé kan ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó."

"Abúlé kan," ló wí, ó sì pòṣé.

Ó forúkọ sílẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ tó kún ojú-ìwé méjì. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, wọ́n ti lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọn lórí: kò ní àdàkọ, kò sì ní ẹ̀rí. Àdàkọ ni àpótí tí wọ́n ti là sílẹ̀ fún gbogbo ìlú; orúkọ ní ibí, iṣẹ́ ará ìlú lọ́hùn-ún, kí òǹkọ̀wé ṣáà máa dí àyè tó ṣófo. Àmì kékeré kan ni èèyàn máa gbàgbé, gbogbo ojú-ìwé á dàrú. Hàfsátù dà á rú títí ó fi mọ̀ ọ́n, tó sì lè tò ó láàárín oníbàárà méjì.

Ìgbà tó wá wo ojú-ìwé àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, ó rí báàjì tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Ó rò pé ọ̀ṣọ́ ni, bí àwòrán tí à ń fi sí Wọ́sáàpù. Ó da ọ̀kan kọ: "Àgbà Olùtọ́jú." Ọjọ́ kẹta, Benedict, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan ní Àkúrẹ́ tó wà lára àwọn alábòójútó wíkì náà, kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, a kì í fọwọ́ ara ẹni gbé báàjì yìí kọ́ra. Ẹgbẹ́ ló ń fúnni."

Ojú ti Hàfsátù débi pé kò lè jẹun ọ̀sán. Ó yọ báàjì náà fúnra rẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Ọmọ rẹ̀ pè é láti Èkó. "Màámi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre."

"Kí n fi wọ́n sílẹ̀, kí Atosin wá wà ní gbólóhùn kan?"

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Ìwé ni wọ́n ń bèèrè, kò sì sẹ́ni tó tíì kọ ìwé nípa ohun tó fẹ́ẹ́ sọ. Ó gun ọ̀kadà lọ bá Bàbá Ọlọ́runníyì ní Atosin, àgbẹ̀ kòkó tó jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, ó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá sọ bí ìyá bàbá òun ṣe kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí gbogbo ìlú ń ṣí kúrò lórí Òkè Ìdànrè wá sísàlẹ̀, àfi bí wọ́n bá gbé ọlọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, àti bí ọkùnrin mẹ́rin ṣe fi odindi ọjọ́ kan gbé òkúta náà gba orí àpáta. Hàfsátù kọ ọ́. Wọ́n pa á rẹ́: kò ní ẹ̀rí.

Ni ó bá ṣe àdàkọ tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń tú ti àwọn ẹlòmíràn wò, tó ń tò, tó ń tún un tò. Ó pè é ní "Ẹ̀rí Ẹnu Àgbà": orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ọjọ́ orí rẹ̀, agboolé rẹ̀, ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, àti ohùn rẹ̀ gan-an. Ó gbé e síwájú ẹgbẹ́.

Benedict ló kọ́kọ́ ta kò ó. "Mà, ta ni kò lè sọ pé àgbàlagbà kan ló sọ fún òun?"

"Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀gá," ni Hàfsátù fèsì. "Ìdí nìyẹn tí ohùn fi wà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbọ́."

Ọjọ́ méjì kọjá kí Benedict tó tẹ̀ ẹ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ó kọ̀wé: "Ìdànrè ni wọ́n bí èmi náà sí. Ìyá àgbà mi máa ń sọ ìtàn ọlọ yìí, mo sì rò pé àlọ́ ni. Mo fara mọ́ àdàkọ yìí."

Èèyàn mọ́kànlélógójì ló dìbò sí i, ẹnì kankan ò ta kò ó. Kí ọdún tó yí po, ó ti wà lórí ojú-ìwé tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, láti Ìkálẹ̀ títí dé Kétu. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, fóònù Hàfsátù dún. Ẹgbẹ́ ti fi báàjì sí ojú-ìwé rẹ̀: "Olùlànà." Benedict ló fi í síbẹ̀. Hàfsátù jókòó lé garawa tó dojú dé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, oníbàárà tó ń ná abọ́ sì ń bi í bóyá kò sí nǹkan.

"Ayọ̀ ni," ló wí. "Mú méjì, màá dín in fún ẹ."

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ó padà sí Atosin, ó ka orúkọ Bàbá Ọlọ́runníyì tó wà lójú-ìwé Atosin sí i létí. Bàbá ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà, ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Yáa tan ẹ̀rọ ẹ," ló wí. "Mi ò tíì sọ ti àwọn tó kọ̀ tí wọn ò sọ̀ kalẹ̀ rárá fún ẹ."