Ìbọn Ẹlẹ́nu Ńlá Tí A Ṣe Nítorí Ẹfọ̀n

Èjìká mi ọ̀tún ló máa ń kọ́kọ́ rántí ìbọn yẹn. Bí òjò bá ti ń ṣú bọ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè tí mò ń gbé báyìí, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí díẹ̀díẹ̀, ìyàwó mi á ní kí n jókòó kí òun fi ìpara gbígbóná ra á fún mi. Bó ti ń ra á lọ ni n óò máa rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ̀ pé ìbọn ni mò ń rò. Mo ti sọ ìtàn náà fún un tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló máa ń rán mi létí níbi tí mo bá ti fo nǹkan.

Ọdẹ ni bàbá mi, ní Òkè-Ṣopẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìbọn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń gbé kiri, èyí tí kò ní wàhálà rárá, tó dára fún ẹtu àti òkẹ́tẹ́. Òun náà ló gbé dání lọ́jọ́ tó pàdé ẹfọ̀n ní etí oko wa, lápá ibi tí igbó ti gba ọ̀nà Abigi lọ. Ó yìn ín. Ọta wẹ́wẹ́ bà á lára, ó ta á lára, kò sì pa á. Ẹfọ̀n tí a dá ọgbẹ́ sí lára kì í ṣe ẹran tí í sá lọ ráúráú. Á yí po nínú igbó, á wá dúró de ẹni tó yìn ín. Bàbá mi tẹ̀lé ipa ẹ̀jẹ̀, ipa ẹ̀jẹ̀ sì mú un lọ sí ibi tí ẹfọ̀n ti ń retí rẹ̀. Wọ́n gbé e wálé lórí ilẹ̀kùn abà. Èmi nìkan ni ọmọ tó bí sílẹ̀ fún màmá mi.

Nígbà tí mo ti di géńdé, tí mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Àgọ́-Ìwòyè, ni wọ́n pè mí lórí fóònù pé ẹfọ̀n ti tún jáde. Ó ń jẹ ẹ̀gẹ́, ó ń tẹ ilá àti ẹ̀fọ́ mọ́lẹ̀, àwọn obìnrin kò lè lọ sóko mọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni mo sọ fún ara mi pé ẹfọ̀n tó pa bàbá mi nìyẹn. Bóyá òun ni, bóyá òun kọ́. Ẹfọ̀n kì í kọ orúkọ síwájú orí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń wá ẹ̀san kì í béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹran. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo gun ọ̀kadà wálé, mo sì kéde pé èmi ni n óò pa á.

Kí n tó délé, mo ti fi gbogbo dátà mi wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń dọdẹ ẹfọ̀n ní ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Mo ti wá mọ bí a ṣe ń yan ìbọn, bí ẹnu rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ gbòòrò tó, bí ọta rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ wúwo tó. Ìbọn kan ṣoṣo tí mo ti yìn rí nígbà náà ni ti bàbá mi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, mo sì di ojú. Àmọ́ tí ẹ bá gbọ́ mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà, ẹ ó rò pé ẹfọ̀n ni wọ́n fi já ọmú lẹ́nu mi.

Olúọdẹ ìlú, tí òun àti bàbá mi jọ kọ́ iṣẹ́ ọdẹ, fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ní ohun tí mo rí nínú fóònù kò burú, pé òun náà ti sọ ọ́ fún bàbá mi pé ìbọn ẹtu kò lè ṣe iṣẹ́ ẹfọ̀n. Ó ní òun ì bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló gbé fìlà, a sì jọ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn ní Òjọ̀wọ̀.

Ìbọn mẹ́ta ni alágbẹ̀dẹ gbé kalẹ̀ fún wa. Èyí tó wù mí ni ẹlẹ́nu méjì kan tó ń dán gbinrin, tí wọ́n ya òdòdó sí lára. Mo gbé e, mo sì ti ń rí ara mi nínú fọ́tò. Olúọdẹ ní ọta wẹ́wẹ́ ni yóò máa jẹ, pé tí mo bá fi yin ẹfọ̀n, ṣe ni n óò kàn ta á jí. Ìkejì gùn ju èmi gan-an lọ. Ó ní nínú igbó dídí, igi á ti mú ẹnu rẹ̀ kí n tó yí i padà. Ìkẹta ni kò dùn ún wò. Ó kúrú, ó ki, irin rẹ̀ nípọn bí ọmọ odó, ẹnu rẹ̀ sì gbòòrò débi pé mo tẹ̀ ba láti yọjú wo inú rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ já a gbà lọ́wọ́ mi kíá.

Ó ní, "Ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ní í jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ìwọ wá ń fi ojú ara rẹ wá a?"

Apátí ni irin tí a ń fà sẹ́yìn tó máa ń gbá iná jáde. Olúọdẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìkẹta yẹn la mú.

A kò lè kàn gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní ìbọn ńlá dà bí bàtà, tí kò bá bá ẹsẹ̀ mu, onítọ̀hún ni yóò jẹ. Ó wọn apá mi láti ìgúnpá dé ìka tí n óò fi fà á, ó gé ìdí igi rẹ̀ kúrú, ó fá ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi máa sinmi lé. Èmi náà dá sí i: mo ní kó jẹ́ ọta kan ṣoṣo ni a ó máa lò, òjé gidi, tó tó ekùrọ́, kó má sì jẹ́ ọta wẹ́wẹ́ tí àwọn ọdẹ máa ń kì. Alágbẹ̀dẹ gbà, ó yọ́ òjé, ó dà á sínú amọ̀, ó fi ayùn ra á títí ó fi wọ ẹnu ìbọn láìfún, láìsì mì. Inú mi dùn pé fóònù mi náà wúlò.

A lọ dán an wò lára igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé Olúọdẹ. Ó fi èédú ya àmì sí i, ó ní kí n ti ìdí ìbọn mọ́ èjìká dáadáa. Ó ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo rò pé mo ti tì í mọ́ ọn. Nígbà tí èéfín máa fi ká kúrò nílẹ̀, orí ìdí mi ni mo wà, àwọn adìyẹ ilé ti fọ́n ká, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sì ń já bọ̀ láti òkè. Òkè àmì ni ọta gbà kọjá. Alágbẹ̀dẹ ní irin kékeré tí a fi ń wo ọ̀gangan níwájú ìbọn kúrú jù, ìdí nìyẹn tó fi ń yìn sókè. Ó pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ga díẹ̀. A tún yìn, a tún tún un ṣe, títí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi wó láti ibi àmì èédú gan-an. Mo ń yọ̀ kiri bí ẹni tó ti pa ẹfọ̀n tán, tí èjìká mi sì ti dúdú.

Màmá mi kò sọ pé kí n má lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá, obìnrin yìí sì ti sin ọkọ nítorí ẹfọ̀n. Mo ti múra ẹjọ́ sílẹ̀ dè é. Àmọ́ ó kàn wo èjìká mi ni, ó gé awọ lára báàgì rẹ̀ àtijọ́, ó ki òwú sí i, ó sì rán an mọ́ inú kóòtù oko mi níbi tí ìdí ìbọn máa ń gbá. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní kí n gbé ìbọn náà tẹ̀lé òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú tì mí. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé ìbọn ẹfọ̀n sọ́wọ́ láàárín àwọn aṣọ funfun. Ìyá wòlíì tan àbẹ́là, ó gbàdúrà, ó sì fi ìka kan òróró díẹ̀ sí ìdí igi rẹ̀. Ó tán. Mo rí i lójú màmá mi pé ó kéré lójú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo ki ìbọn. Ẹ̀tù rèé, òwú rèé, ọta òjé rèé, gbogbo rẹ̀ bí Olúọdẹ ṣe kọ́ mi. Mo gbé e ti ògiri pálọ̀, mo lọ bá Olúọdẹ láti mọ ibi tí kálukú wa máa dúró. Nígbà tí mo gbé e láàárọ̀, mo rí i pé ó ń dán. Mo rò pé màmá mi bá mi nù ún ni, mo sì kí i pé ó ṣeun. Ó ní, "Ọlọ́run á bá wẹ lọ, á bá wẹ bọ̀." Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí a fi yà.

Ojú ti mọ́ kedere nígbà tí ẹfọ̀n jáde. Olúọdẹ wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó máa ń gbà padà. Èmi wà lẹ́yìn igi ńlá kan létí oko ẹ̀gẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ẹ̀rù bà mí, ó sì dùn mọ́ mi. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń fa ẹ̀gẹ́ tu wẹ́rẹ́ bí ẹni ń fa koríko. Mo ti ìdí ìbọn mọ́ awọ tí màmá mi rán. Mo wo ọ̀gangan ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ níwájú. Mo pe bàbá mi nínú ọkàn mi. Mo fà á.

Apátí gbá, "kẹ́." Ìbọn kò ró.

Mo tún fà á, ó tún kọ̀. Ẹfọ̀n gbé orí sókè. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí igi ń ṣẹ́ lẹ́yìn mi. N kò lè yíjú, ojú mi nìkan ni mo yí. Ẹfọ̀n méjì mìíràn ń jáde bọ̀ láti inú igbó, ọ̀kan ní ọmọ lẹ́yìn, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà já sí ọ̀dọ̀ ti iwájú, ẹ̀gbẹ́ igi mi ló gbà. Mo fi ara lẹ́ igi yẹn débi tí èèpo rẹ̀ fi wọ̀ mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo gbóòórùn ẹrẹ̀ lára wọn. Ká ní ìbọn ti ró, àárín wọn ni n bá wà, ọwọ́ mi òfo, èyí tó lọ́mọ lẹ́yìn sì wà nítòsí mi. Wọ́n jẹun, wọ́n sì lọ ní tiwọn. Nígbà tí Olúọdẹ dé, n kò tíì lè tú ọwọ́ mi kúrò lára igi.

Iwájú ilé wa ló ti tú ìbọn náà palẹ̀. Ẹ̀tù tó yẹ kó gbẹ fúrúfúrú ti di ẹrẹ̀ dúdú. Ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo màmá mi.

Ó ní, "Ìyàwó, kí lẹ dà sí ubọn?"

Màmá mi kò purọ́. Ó ní ìka kan tí ìyá wòlíì fi kàn án kò tó fún ẹfọ̀n. Nígbà tí mo jáde nírọ̀lẹ́, ó da òróró àdúrà inú ìgò tó gbà wálé láti ṣọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ìbọn, ó da díẹ̀ sábẹ́ apátí, ó sì fi èyí tó kù pa á lára.

Mo pariwo. Mo ní gbogbo wàhálà tí a ṣe, gígé, ríra, yíyọ́ òjé! Mo ní ṣé ó mọ̀ pé òróró ló jẹ́ kí ìbọn kọ̀ níwájú ẹfọ̀n? Mo ní kí wá ni àdúrà náà wà fún?

Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ó wá ní, "Ṣé kí ubọn ró lo rò pé mo gbàdúrà fún? Kí ọmọ mi wá ulé ni mo gbàdúrà fún. Ulé rèé o."

Olúọdẹ bọ́ fìlà rẹ̀, ó jókòó sórí kùkùté igi, kò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́kọ́ sunkún, màmá mi sì wá fi ìdí ìró rẹ̀ nu ojú mi bí ẹni ń nu ojú ọmọ ọwọ́, níwájú gbogbo àdúgbò.

Kò sí ẹni tó pa ẹfọ̀n wọ̀nyẹn. Àwọn ọdẹ kó ara wọn jọ, wọ́n lu agolo, wọ́n dáná ata sí etí oko, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó bá wọn lọ́wọ́ sí i, àwọn ẹfọ̀n sì padà sínú igbó ńlá tí wọ́n ti wá. Mo fún Olúọdẹ ní ìbọn náà, mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Mo ṣì mọ ohun tí òróró ń ṣe fún ẹ̀tù. N kò ní purọ́ pé iṣẹ́ ìyanu ni. Màmá mi náà kò sì fìgbà kan bá mi jiyàn lórí rẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe ń dàgbà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yé mi sí i. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń yan ìbọn, tí mo ń gé e, tí mo ń tún ojú rẹ̀ ṣe, bàbá mi tó ti lọ ni mò ń ṣe é fún. Ẹni tó kù láyé ni màmá mi ń ṣe tirẹ̀ fún. Ó ti darúgbó gan-an báyìí. Bí mo bá ti fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Òkè-Ṣopẹ́n, á ti máa wá ìgò òróró kiri kí n tó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. N kì í kánjú mọ́. Màá kúnlẹ̀ bí mo ṣe sanra tó yìí, màá sún orí mi mọ́ ọn lọ́wọ́, màá sì jẹ́ kó dà á tó bó bá ṣe wù ú.