Funfun Etí Títì

Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan, tí wọ́n sá sétí títì kó lè di láfún, ni mo fi ń mọ̀ pé a ti kúrò ní Kabba, a ti ń sún mọ́ Iyah-Gbede. Lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn kan, òórùn náà gba fèrèsé wọ inú mọ́tò tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ìyá wa la ń lọ kí. Tòkunbọ̀ ni mọ́tò náà o, ṣùgbọ́n ó máa ń fúnra rẹ̀ tọ ìlà títì. Láti Abuja ló ti ń ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi sì ti fọkàn tán an ju èmi àbúrò rẹ̀ lọ. Ìka kan ṣoṣo ló fi kan sítíárìn, ó ń fi ọwọ́ kejì mu ọsàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ méjèèjì mú un."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ojú ọkọ̀ yìí mú ju tìẹ lọ. Jókòó jẹ́ẹ́."

Mo jókòó, àmọ́ àyà mi ò jókòó. Ìlà tí wọ́n kùn sójú títì ti parẹ́ níbẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀gẹ́ nìkan ló kù tó funfun, wọ́n tẹ́ ẹ lọ gbọọrọ létí ọ̀dà. Àfi bí sítíárìn ṣe fúnra rẹ̀ yí díẹ̀. Ó tún yí. Yéè! Mọ́tò ti fi ẹ̀gẹ́ ṣe ìlà, ó ń tọ̀ ọ́ lọ, obìnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń yí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ padà, ó kẹ́yìn sí wa. Ó pọn ọmọ.

"Ẹ̀gbọ́n, èèyàn!"

"Ó ti rí i," ló wí, ọsàn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Kò rí i o! Èmi ni mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà tó yọ lábẹ́ ọ̀já. Mo gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n ni, mo já sítíárìn gbà sápá òsì, òun náà wá rántí bíréèkì. Afẹ́fẹ́ wa ṣí gèlè lórí obìnrin náà. Mọ́tò dábùú títì, ó dúró.

A rò pé obìnrin náà máa gbé wa ṣépè. Ó rọra wá síbi fèrèsé, ó di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú lẹ́yìn.

"Okun o," ló kí wa, bí wọ́n ṣe máa ń kíra lágbègbè wa. "Ta ló ń wa mọ́tò yìí nínú yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi ju ọsàn nù, ó fọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú. Èmi kọ́ ni awakọ̀, òun náà ò sì lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun ni. Inú rẹ̀ bí mi, àánú rẹ̀ sì tún ṣe mí.

Kò ta mọ́tò náà, mi ò sì ní kó tà á. Mọ́tò lè bá èèyàn tọ ìlà, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n máa bi léèrè ni kó di sítíárìn mú. Tọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi bá tún ti ń sọ̀ kalẹ̀ lójú títì, mi ò kì í pariwo mọ́. Mo kàn máa ń kí i pé, "Okun o." Ọwọ́ méjèèjì á padà sókè kíá.