Orúkọ Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Lógì

Títí di òní, tí mo bá rí ọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ballymun, ní Ireland níbí, tó há Bíbélì mọ́ abíyá, mo máa ń yà gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Díákónì ni, ó sì ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ máa rí i pé "ó" ni mò ń pè é, pé mi ò pè é ní "wọ́n". Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Òun ló mú mi wọ ibi iṣẹ́ wa ní Ballycoolin, òun náà ló sì kù díẹ̀ kó tì mí jáde níbẹ̀. Mi ò ní fepo bọyọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ilé iṣẹ́ wa ló ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ àwọn yàrá yìnyín ńláńlá tí wọ́n ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Èdè tí wọ́n ń pè ní Python la fi ń kọ ọ́. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ètò náà á kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà kan, àwọn ìlà yìí la sì ń pè ní lógì. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní aago, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó, orúkọ apá ètò tó ń sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ gan-an. Gbólóhùn kékeré kan ló ń pàṣẹ bí ìlà náà ṣe máa rí. Ìyẹn ni fọ́mátì. Nígbà tí mo dé, èmi ni wọ́n gbé ìtọ́jú fọ́mátì fún, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ.

Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kan kọ́ sára ògiri nítòsí ibi tí a ti ń po tíì, lógì ló sì máa ń ṣàn lójú rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Apá tí díákónì kọ, èyí tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn àwọn yàrá náà, ló máa ń ké jù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá wa, obìnrin ará Ireland tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, dúró ti kẹ́túlù, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó sì bi díákónì bóyá ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í sinmi ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé ó dùn ún.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló wá bá mi nídìí tábìlì mi.

"Ọmọ mi, yoke yìí, lógì yìí, ti rí wúruwùru jù jàre. Gbogbo orúkọ yẹn, kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀? Bá mi yọ wọ́n, jẹ́ kó clean."

Mi ò gọ̀. Ó fẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ké lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Dípò kó tún iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, orúkọ ló fẹ́ kí n pa rẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló fi gbé ìwé ìwáṣẹ́ mi fún ọ̀gá. Ó ti wà nílùú yìí láti nǹkan bí ọdún 2000, ó wa takisí kó tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé rárá? Mo ní "Yes, sà." Mo pa %(name)s, àmì tó ń gbé orúkọ jáde, rẹ́ nínú fọ́mátì náà. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo ṣì wà lábẹ́ ìdánwò nígbà náà. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń wo òṣìṣẹ́ tuntun, mo sì ti lo márùn-ún. Bí wọn ò bá gbà mí, ìwé tí mo fi ń gbé Ireland bá iṣẹ́ náà lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a dé ọ́fíìsì, a bá ìkìlọ̀ tó kún inú lógì bámúbámú. Ìlà kan náà ni, léraléra: kò sí èsì, kò sí èsì. Kí ni kò fèsì? Apá ètò wa lé ní ogún, kò sì sí orúkọ kankan níwájú ọ̀rọ̀ náà. A bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Díákónì jókòó, ó gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó ń tú iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn wò pẹ̀lú wa. Ó mọ̀. Èmi náà fura, àmọ́ mò ń retí kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni. Nígbà tí a fi máa dé orí tirẹ̀, tí a rí i pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà, ọ̀sán ti pọ́n, ilẹ̀kùn yàrá kan ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹja oníbàárà wa ti rọ̀, áísíkíriìmù rẹ̀ ti di omi.

Ọ̀gá pe èmi àti díákónì wọ yàrá ìpàdé. Ó béèrè ẹni tó yọ orúkọ kúrò, mo ní èmi ni. Ó tún béèrè bóyá ẹnì kan ló ní kí n yọ ọ́. Mo wo díákónì. Ó ń wo inú ife tíì rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti gbọ́ òwe yẹn kí n tó mọ ABD. Síbẹ̀, "No" ló jáde lẹ́nu mi.

Ìgbà yẹn ló wá rántí pé òun lẹ́nu. Ó gbé ife sílẹ̀, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

"Please, she's young. She's like my own daughter. I'm begging on her behalf."

Ó ń bá mi bẹ̀bẹ̀ lórí ohun tó rán mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èyí wà lọ́jà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ ọ. Ọ̀gá ní grand, bí àwọn ará ibí ṣe ń sọ pé ó dáa, ó fi oṣù mẹ́ta kún ìdánwò mi, ó sì ní kí n dá orúkọ padà kíákíá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ìyàwó díákónì fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mi ò ní nǹkan kan sí wọn. Ohun tí wọ́n gbọ́ nílé ni wọ́n mọ̀. Wọ́n ní, "Sister, ṣé o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Daddy báyìí? They nearly sack you o." Òun fúnra rẹ̀ dúró lẹ́yìn wọn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí. Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ní ẹ ṣé, sà. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó súre fún mi. Mo kórìíra ọwọ́ yẹn. Mo kórìíra orúnkún ara mi jù ú lọ.

Mo ti dá orúkọ padà nígbà náà. Mo tiẹ̀ tún fọ́mátì náà tò, mo gbé orúkọ síwájú aago, kó lè jẹ́ òun ni ojú máa kọ́kọ́ rí. Nígbà tó di Ọjọ́rú, díákónì tún yọ́ wá sídìí tábìlì mi.

"Ọmọ mi, orúkọ yẹn ti gùn jù o. Just shorten am small. Létà méjì péré, nobody will notice."

Mo dìde fún un, mo fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ dá a lóhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi kọ ọ́ sí email, kí ẹ sì fi ọ̀gá wa sí i."

Ó yí padà, ó lọ jókòó. Kò kọ nǹkan kan. Nígbà tí oṣù mẹ́ta náà pé, wọ́n gbà mí síṣẹ́, gbogbo ọ́fíìsì sì wá kí mi kú oríire lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun nìkan ni kò kí mi.