Pijó Àlòkù Tí Mo Bá Délé Yàn ní Kánò

Mo kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀ kan tó ń dán gbinrin, mo ká kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ àga awakọ̀ sókè, mo sì fi abẹ́rẹ́ ńlá tí mo fi ń lu awọ tẹ irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. N kò tẹ̀ ẹ́ gan-an o. Abẹ́rẹ́ bá gba inú irin kọjá bí ẹni gún mọ́ínmọ́ín. Nígbà tí mo fà á yọ tí mo fojú wo ihò náà, yẹ̀pẹ̀ Sabon Gari ni mo rí nísàlẹ̀, pẹ̀lú èèpo ẹ̀pà kan lórí rẹ̀.

Mo ní, "Délé, wá wo ilẹ̀ láti inú ọkọ̀ rẹ."

Délé wà níta, ó ń gba "ẹ kú oríire" lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò. Kò tíì ra ọkọ̀ náà o. Ọkùnrin kan tó gbé e wá láti Èkó ló ní kó wà á wò láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó sì dá èsì padà kó tó di ọ̀sán. Ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ gbé e wá, torí ó fẹ́ kí n bá a rán àga rẹ̀ tuntun. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ti ra fìlà tí yóò máa dé bó bá ń wà á.

Iṣẹ́ àga ọkọ̀ ni mo fi jẹun ní Kánò. Sìkírá lorúkọ mi, ọmọ Ọ̀fà ni mí, ṣùgbọ́n láti Sabon Gari dé Noman's Land, Ìyá Kúṣìn ni gbogbo ayé ń pè mí. Aṣọ obìnrin ni mo kọ́kọ́ ń rán, ó sì sú mi. Oníbàárà á ní kí n fún un mọ́ òun lára, á lọ fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ tuwo, á wá padà wá bá mi jà pé mo ba aṣọ òun jẹ́. Àga ọkọ̀ kì í sanra. Ni mo bá tọ Bàbá Ràjí lọ, ará ìlú wa tó ti ń rán àga ọkọ̀ kí n tó dé Kánò, mo ní kí wọ́n kọ́ mi. Bàbá rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní obìnrin kì í ṣe irú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi ní awọ àti òwú. Nígbà tí wọ́n rí ojú abẹ́rẹ́ mi, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu wọn.

Bàbá Ràjí ló kọ́ mi pé irọ́ ọkọ̀ wà lára rẹ̀, òótọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń rà á kì í wo ibẹ̀, ẹni tó ń tà á kì í kun ibẹ̀ lọ́dà; àwa tí à ń tú àga nìkan la máa ń débẹ̀. Ọkọ̀ tó bá gbé etí òkun, iyọ̀ inú atẹ́gùn á ti fi ìpẹtà jẹ irin rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fi púùtì dí i, kí wọ́n tún kun ọ̀dà lé e. Ti Kánò yàtọ̀. Oòrùn wa á jẹ ọ̀dà tán, á jẹ rọ́bà, á ya àga bí ẹni ya bébà, ṣùgbọ́n irin ọkọ̀ náà á gbẹ, á le koko. Nítorí náà, ọkọ̀ tó burẹ́wà ni èmi máa ń sáré bá. Ẹ ò lè mọ bí ó ṣe ń rí lára mi! Bí mo bá rí ọkọ̀ kan tí gbogbo èèyàn ti ṣíjú kúrò lára rẹ̀, ọkàn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, n kò ní lè jẹun mọ́ títí n ó fi ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò. Bí àwọn tí owó wọn kò tó ra tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi dání nìyẹn bí wọ́n bá ń lọ ra àlòkù.

Ohun tó wà lọ́rùn Délé kò kéré. Ṣúgà àti mílíìkì ló ń tà ní ọjà Singer, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbà, ti pẹ́ ní Kánò, ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ń tà. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló kù fún wọn láyé, Ìyá Jóṣúà, tó wà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú Ìyá Jóṣúà ti fọ́, ara wọn kò sì le mọ́. Ẹni tó bá ti ilé dé á sọ pé láràárọ̀ ni wọ́n ń béèrè pé àbúrò àwọn dà. Ṣùgbọ́n ìdí ń dun Ìyá Àgbà, wọn kò lè fún ara wọn mọ́ èrò nínú mọ́tò láti Kánò dé ilé mọ́. Délé wá ṣèlérí pé kí Kérésì tó dé, òun yóò fi ọkọ̀ ara òun gbé wọn lọ. Kérésì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Bí kò bá rí ọkọ̀, àwọn àgbà méjèèjì lè má fojú kan ara wọn mọ́.

Délé wo ihò náà títí. Ó ní kékeré ni, ṣé n kò lè fi awọ dí i ni. Inú bí mi. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn dé Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ọkọ̀ ni. Ó lọ dá a padà, ṣùgbọ́n èmi ló bínú sí, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ tà á fún un.

Mo ti ní òmíràn lọ́kàn. Ẹ rántí pé tẹ́lẹ̀, apá òsì ojú ọ̀nà la máa ń wakọ̀ gbà nílẹ̀ yìí. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa bọ́ sápá ọ̀tún, ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún di ohun tí olówó ń sá fún. Awakọ̀ rẹ̀ á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko. Bí tírélà bá wà níwájú, kò ní rí ohun tó ń bọ̀. Wọ́n pa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tì, wọ́n sì ń tà á ní ọ̀pọ̀. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Màláàmù Sanni, awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lọ́nà Bompai. Pijó àtijọ́ ni, abẹ́ igi dóńgóyárò ló máa ń wà.

Mo fa Délé lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A kí Màláàmù ní Hausa, wọ́n sì bu kunu fún wa. Délé rí ọkọ̀ náà, ó fọwọ́ lérí. Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá funfun ni tẹ́lẹ̀ àbí búlúù. Àga ẹ̀yìn ti bẹ́, adìẹ kan sì sàba sínú fóòmù rẹ̀.

Délé ní, "Ìyá Kúṣìn, ẹ fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé."

Mo ti wọnú ọkọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì fọ́ yángá mọ́ mi lọ́wọ́, iyanrìn gbígbẹ dà jáde. Mo fi gbogbo agbára mi gún irin náà. Abẹ́rẹ́ tẹ̀ kọrọdọ. Mo gún un níbòmíràn, abẹ́rẹ́ ṣẹ́! Mo hó yèè fún ayọ̀, adìẹ sì fò jáde lójú fèrèsé. Màláàmù rẹ́rìn-ín, wọ́n pè mí kí n wá fọwọ́ kan bónẹ́ẹ̀tì, kí n lè mọ̀ pé àwọn kò tíì ta ẹ́ńjìnnì náà jí kí a tó dé. Nínú ọyẹ́ yẹn, ó tutù nini. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó dáhùn, ó sì ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Délé kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí òun kò bá rí ọkọ̀ tó bójú mu, òun yóò padà lọ bá ará Èkó yẹn. Ẹ̀rù bà mí, mo sì lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Mo mọ̀ pé Délé lè bínú sí mi, kó bínú.

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kan di ìdí mú, wọ́n tẹ̀ lé wa lọ. Wọn kò tilẹ̀ wo ọ̀dà. Òrùka kan wà níka wọn tí wọ́n fi máa ń kan ìkòkò fún oníbàárà, torí ìkòkò tó bá sán kì í dún bíi ti èyí tó pé. Wọ́n fi òrùka náà kan ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n dẹ etí sílẹ̀. Wọ́n kan ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n kan òrùlé rẹ̀. Wọ́n yí i ká báyẹn, Màláàmù ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Wọ́n ní, "Ó ń dún. Kò sán." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Sìkírá, ìwọ lo ní kó rà á. Ṣé ìwọ náà á wọ̀ ọ́ délé?"

Ẹnu mi tó máa ń yá jù ló dáhùn. Mo ní bó bá kú lọ́nà, èmi ni n ó tì í. Ìyá Àgbà ní ó dáa, kí n lọ di ẹrù mi. Ibẹ̀ ni àṣà mi ti bẹ̀rẹ̀: títí mo fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, n kì í yan ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni kí n má bá a rin ìrìn àkọ́kọ́.

Délé kò lè bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ó dárúkọ iye kan, Màláàmù ní "albarka", bí Hausa ṣe ń sọ pé owó kò tíì pé nìyẹn; ó fi kún un, wọ́n gbà. Èmi gbé ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́dà ni mo fi rán àwọn àga yòókù. Ṣùgbọ́n àga iwájú lọ́wọ́ òsì, níbi tí Ìyá Àgbà yóò jókòó sí, awọ ewúrẹ́ pupa ni mo rà fún un lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ awọ Kánò, mo rán an wẹ́wẹ́, mo sì fi ojú abẹ́rẹ́ ṣe ọnà ewé sí etí rẹ̀. N kò rán ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀dà nìkan la kò rí nǹkan ṣe sí, owó ti tán.

Màláàmù wá kí wa nígbà tí a fẹ́ gbéra, wọ́n ní "Allah ya kiyaye", pé kí Ọlọ́run ṣọ́ wa, wọ́n sì fọwọ́ lu ọkọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tó ń lé ẹṣin. A mórí lé ọ̀nà Zaria. Kò pẹ́ tí a fi bá tírélà kan. Ohun tí mo bẹ̀rù nìyẹn. Délé na ọrùn, kò rí nǹkan kan, ó ń jẹ èéfín lẹ́yìn tírélà, òógùn ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ìyá Àgbà tó jókòó lápá ibi tí èèyàn ti lè ríran bá yọ orí.

Wọ́n ní, "Dúró. Dúró. Ó yá, kọjá."

Délé kọjá. Láti ìgbà náà, Ìyá Àgbà ló ń wa ọkọ̀ náà, Délé kàn ń di sítíárìn mú fún wọn ni. Ìyá tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí! Wọ́n gbàgbé ìdí tó ń dùn wọ́n. Nígbà tí a fi máa dé Kàdúná, wọ́n ti ń fi Hausa pàṣẹ pé kó kọjá, "Wuce, wuce!", èmi sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn títí ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí. Délé pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìjọ.

Kí a tó dé Jẹ́bà ni bẹ́líìtì fáànù já. Ọkọ̀ gbóná, ó dúró. Délé yíjú sí mi. Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Sìkírá, ó ti kú. Sọ̀kalẹ̀ wá tì í." Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n aránṣọ kì í rìn láìmú abẹ́rẹ́. Mo fa àjẹkù awọ ewúrẹ́ yẹn jáde nínú ẹrù, mo ká a ní ìṣẹ́po, mo rán an ní òrùka, Délé gbé e kọ́ fáànù náà. Wọ́ọ́rọ́wọ́ la rọra ń lọ, à ń dúró bu omi sí i, ó sì gbé wa dé Jẹ́bà, níbi tí a ti ra bẹ́líìtì gidi. Délé dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú ọ̀nà, pẹ̀lú fìlà tuntun rẹ̀.

Bí a ṣe wọ agbolé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, èrò tú jáde. Ìbátan wọn kan wo ọkọ̀ náà, ó béèrè bóyá inú sàréè la ti wú u. Délé tẹrí ba. Wọ́n wá di Ìyá Jóṣúà lọ́wọ́ mú jáde. Àwọn àgbà méjèèjì dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń sunkún, àwa náà sì ń sunkún. Ìgbà tó yá, Ìyá Jóṣúà ní kí wọ́n mú àwọn dé ibi ohun tó gbé àbúrò àwọn wá. Wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, wọ́n fọwọ́ wá àga náà, ìka wọn sì ń tọ ojú abẹ́rẹ́ mi lọ díẹ̀díẹ̀, láti ewé kan dé èkejì, títí wọ́n fi yí i ká.

Wọ́n ní, "Délé, ọkọ̀ rẹ mà lẹ́wà o."

Délé wò mí, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu ojú.

Ìyá Jóṣúà wọ orí àga náà, wọn kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n béèrè iṣẹ́ tí àbúrò àwọn ń ṣe níbẹ̀ láti Kánò, Ìyá Àgbà sì ṣàlàyé bí àwọn ṣe ń sọ ìgbà tí Délé lè kọjá. Ìyá Jóṣúà ní ó dáa, kí Délé wà á dé ṣọ́ọ̀ṣì kó sì dá àwọn padà. Ìyá Àgbà àti èmi bọ́ sẹ́yìn. Kò sí ọkọ̀ kankan lójú ọ̀nà, àfi bàbá kan tó di igi ìdáná sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Délé rọra ń tẹ̀ lé e. Bàbá náà lu aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ìyá Jóṣúà gbé àgbọ̀n sókè, wọ́n kọ ojú wọn tó ti fọ́ sí ọ̀nà. Wọ́n ní, "Dúró. Dúró. Ó yá, kọjá."

Délé wo ẹ̀yìn, ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà mi orí sí i pé kó máa lọ. Ó sì kọjá.